Ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ rí, kí ló máa kọ sínú CV?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi. Ó lọ béèrè iṣẹ́ ní ilé ìtajà kan, wọ́n ní kó mú CV wá, ìyẹn ìwé tí ẹni tó ń wáṣẹ́ fi ń sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tí òun ti ṣe. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ nìkan ló rí kọ. Ó ní, "Mi ò ṣiṣẹ́ rí, kí ni kí n kọ?" Èmi náà ò mọ èsì tí mo lè fún un. Ṣé kí n kúkú bá a kọ ọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìbéèrè tí ẹ fi parí rẹ̀: ẹ má bá a kọ ọ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ máa bi í léèrè, ẹ rán an létí ohun tó ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ ni kó fi kọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ yóò mú CV yẹn lọ́wọ́, yóò nàka sí ìlà kan, yóò sì ní, "Ṣàlàyé eléyìí fún mi." Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ yín ló wà níbẹ̀, ọmọ á máa wòkè wolẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó máa ń gba ọ̀dọ́langba síṣẹ́ tètè máa ń dá CV tí òbí kọ mọ̀, torí pé èdè rẹ̀ máa ń dàgbà ju ẹni tó mú un wá lọ.

Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni pé ó rò pé àwọn iṣẹ́ tí òun ti gbowó ṣe rí ni wọ́n fẹ́ kà. Ẹni tó ń wá ọmọ ọdún 16 fún iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ti mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́ rí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò pọ̀. Ṣé ọmọ yìí á máa wá? Ṣé kì í pẹ́ lẹ́yìn? Ọjọ́ wo ló ráyè, láti aago mélòó sí aago mélòó? Ṣé ó lè kọjú sí oníbàárà, kó sì sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu? Ṣé a lè fi owó tàbí ọjà síkàáwọ́ rẹ̀? Gbogbo ìlà inú CV rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dáhùn ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Èyí tí kò bá dáhùn nǹkan kan, kó yọ ọ́.

Kó pa kọ̀ǹpútà tì ná, kó mú bébà àti bírò. Kó kọ gbogbo ohun tí ẹnì kan ti gbára lé e láti ṣe láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, yálà wọ́n sanwó fún un tàbí wọn ò san. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa bi í. Ta ni aládùúgbò tó máa ń pè é kó bá òun dúró ti ọmọ, tàbí kó máa fún ẹran ọ̀sìn lóúnjẹ nígbà tóun bá rìnrìn-àjò? Ta ló ń gba owó ẹgbẹ́ jọ nínú ẹgbẹ́ eré ìdárayá tàbí ẹgbẹ́ akọrin tó wà? Ṣé ó ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò? Nígbà tí ilé-ìwé ṣe ayẹyẹ, kí ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́: àga títò ni, ìwé ìwọlé ni, àbí ẹ̀rọ gbohùngbohùn? Ṣé ó ti to ìwé sórí pẹpẹ rí ní ibi ìkàwé ilé-ìwé? Ta ló ń bójú tó ojú-ewé ẹgbẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé ó ti bá mọ̀lẹ́bí kan dúró ti ọjà, tó gbowó, tó sì fún èèyàn ní ṣéńjì? Ẹ ó rí i pé nǹkan bíi mẹ́wàá á jáde. Mẹ́ta sí márùn-ún ló máa wọ CV.

Iṣẹ́ ilé ńkọ́? Abọ́ fífọ̀ àti ilẹ̀ gbígbá kò yẹ níbẹ̀, torí pé kò sí ọmọ tí kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òun ló ń tọ́jú ìyá àgbà tí ara rẹ̀ ò le, tó ń rí i pé wọ́n lo oògùn lákòókò, tàbí òun ló ń mú àwọn àbúrò rẹ̀ dé láti ilé-ìwé lójoojúmọ́ nítorí pé ẹ wà níbi iṣẹ́, iṣẹ́ gidi nìyẹn. Kó kọ ọ́.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kùnà. Ẹ jẹ́ ká mú ìlà kan wò. Ọmọ kan kọ pé: "Mo máa ń tọ́jú ọmọ aládùúgbò." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á kò tíì mọ nǹkan kan. Ọmọ mélòó? Ọmọ ọdún mélòó? Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀? Láti ìgbà wo? Kí ni "títọ́jú" yẹn gan-an? Bó bá dáhùn ìwọ̀nyí tán, ohun tó máa kọ á dà báyìí:

Alábòójútó ọmọ fún ìdílé kan ládùúgbò, oṣù kẹsàn-án 2024 títí di ìsinsìnyí.
Mo ń mú ọmọ méjì, ọdún 5 àti ọdún 8, ní ilé-ìwé ní aago mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo sì ń bójú tó iṣẹ́ àṣetiléwá wọn títí òbí wọn yóò fi dé ní aago mẹ́fà.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ìlà yìí ń ṣe. "Aago mẹ́ta" fi hàn pé ó mọ àkókò, nítorí ọmọ ọdún márùn-ún kò ṣeé fi sílẹ̀ lẹ́nu géètì. "Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀" fi hàn pé kì í fẹ́ iṣẹ́ kù. "Títí di ìsinsìnyí" sì fi hàn pé ẹni tó gbé ọmọ fún un kò tíì gbà wọ́n padà. Kò sí ibi kankan tó ti kọ pé òun jẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, síbẹ̀ ẹni tó kà á ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn ọmọ pa gbogbo "òṣìṣẹ́ takuntakun", "olóòótọ́", "onítara" àti "ẹni tó mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀" rẹ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Gbogbo CV ló ní wọn, ẹni tó sì ti ka ogún CV láàárọ̀ kì í rí wọn mọ́. Bákan náà ni kó má fi orúkọ ńlá bo iṣẹ́ kékeré. Akápò ẹgbẹ́ kì í ṣe "Olùdarí Ètò Ìnáwó". Kó kọ akápò, kó wá sọ iye ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn àti bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tó bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí kò bá kà á, kó kọ "bí ọmọ ẹgbẹ́ 20".

Ó yá, kó wá ṣí kọ̀ǹpútà. Òkè pátápátá ni orúkọ rẹ̀ máa wà, lẹ́yìn náà nọ́ńbà fóònù, ímeèlì, àti ìlú tàbí àdúgbò tó ń gbé. Kò nílò nọ́ńbà ojúlé. Ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹ̀sìn, orúkọ òbí àti nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì kò sí lára ohun tí à ń kọ síbẹ̀, torí pé ìwé yìí á kọjá lọ́wọ́ àwọn tí ẹ kò mọ̀. Fọ́tò dá lórí ibi tí ẹ wà: àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó ti mọ́ wọn lára, àwọn mìíràn sì wà tí wọn ò fẹ́ rí i rárá. Bí ìkéde iṣẹ́ náà kò bá béèrè, kó má fi í síbẹ̀. Fóònù tí òun fúnra rẹ̀ máa ń gbé ni kó kọ nọ́ńbà rẹ̀, kó sì mọ̀ pé láti ìsinsìnyí lọ, òun á máa gbé ìpè tí òun kò mọ ẹni tó ni ín.

Ímeèlì ń ṣe àwọn ọmọ báṣubàṣu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èyí tí wọ́n ṣí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 11, tí orúkọ ìnagijẹ kún inú rẹ̀, kò ṣeé fi wáṣẹ́. Ti ilé-ìwé náà kò dára tó, nítorí pé àwọn ilé-ìwé kan máa ń dènà ìsọfúnni tó bá wá láti ìta, wọ́n sì lè tì í pa tó bá jáde. Kó ṣí tuntun tó ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìdílé rẹ̀, kó fi sórí fóònù rẹ̀, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, títí kan àpò tí àwọn ìsọfúnni tí a kò fẹ́ ń lọ (spam). Ìpè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè há síbẹ̀.

Lábẹ́ ìyẹn, kó kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta péré. Àpẹẹrẹ rèé:

Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 16 ni mí, mo sì ń wá iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ní ilé ìtajà. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń bójú tó ọmọ méjì lẹ́yìn ilé-ìwé, èmi sì ni akápò ẹgbẹ́ eré ìdárayá wa. Mo lè ṣiṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àti lójoojúmọ́ nígbà ìsinmi.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́. Bí a bá fi CV ọ̀dọ́langba mẹ́wàá síwájú alábòójútó ilé ìtajà, àkókò ni yóò kọ́kọ́ wá, torí pé àlàfo kan ló ń wá ẹni tó máa dí i: ó lè jẹ́ Sátidé, ó lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Jímọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sì kọ ọ́ rárá. Àwọn kan á kọ pé "mo ráyè nígbàkigbà", èyí tí kì í ṣe òótọ́ fún ẹni tó ń lọ sílé-ìwé. Wọ́n á gbà wọ́n, wọ́n á pín iṣẹ́ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, ọmọ á ní òun ní ẹ̀kọ́ àfikún lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Nítorí náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ mú kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ wo ni ìdánwò? Ọjọ́ wo ni ìsinmi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló parí? Bí iṣẹ́ bá tán ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, báwo ló ṣe máa délé? Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí ni kó kọ. Bó bá ní ọjọ́ tí kò lè wá rárá, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí so mọ́ èyí. Àdéhùn 138 tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ (ILO) ṣe ní 1973 fi ọdún 15 ṣe ìpìlẹ̀ ọjọ́ orí iṣẹ́. Ó fàyè gba àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn kò tíì lágbára láti fi ọdún 14 bẹ̀rẹ̀, ó gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láàyè fún àwọn tó kéré díẹ̀ sí i, ó sì fi iṣẹ́ eléwu sí ọdún 18. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló wá ń gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ lórí iye wákàtí, iṣẹ́ alẹ́ àti ẹ̀rọ tí ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Níbòmíràn, ọmọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ti ibi tí ẹ wà kó tó fi ìwé ránṣẹ́, kó má bàa lọ tọrọ iṣẹ́ tí òfin kò gbà kí wọ́n fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kí "ọmọ ọdún 16" hàn nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn: iye ọdún wúlò fún agbanisíṣẹ́, ṣùgbọ́n kò nílò ọjọ́ ìbí gan-an ní ìpele yìí.

Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn ni àwọn ohun tó ti ṣe, èyí tó dé kẹ́yìn ló máa ṣáájú, ìlà méjì sí mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ ló kàn: orúkọ ilé-ìwé, kíláàsì tó wà, ọdún tó máa jáde. Kò nílò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Máàkì tó dára ni kó kọ. Èyí tí kò dára, kó fi sílẹ̀.

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó kọ tẹ̀ lé e, kó sì kọ kìkì èyí tí wọ́n lè ní kó ṣe lójú wọn. "Mo mọ kọ̀ǹpútà lò" kò sọ nǹkan kan. "Mo ń fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, mo mọ bí a ṣe ń ro iye pọ̀ àti bí a ṣe ń to orúkọ lẹ́sẹẹsẹ" sọ nǹkan. Èdè tó gbọ́ máa ń já mọ́ nǹkan gan-an níbi tí oríṣiríṣi ènìyàn ti ń rajà: kó dárúkọ èdè náà, kó sọ bóyá ó lè sọ ọ́, kà á, kọ ọ́. Bó bá ní ìwé-ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì, kó kọ ọdún tó gbà á. Eré ìgbafẹ́ bíi orin gbígbọ́ àti fíìmù wíwò kò nílò àyè kankan.

Ó tún máa nílò ẹni méjì tó lè jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Kì í ṣe mọ̀lẹ́bí. Olùkọ́ kan àti aládùúgbò tó bá ṣiṣẹ́ dára, tàbí olùkọ́ni eré ìdárayá. Kó kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ wọn, kó sì fi CV náà hàn wọ́n, kí ìpè má bàa bá wọn lójijì. Ṣùgbọ́n kó má kọ nọ́ńbà wọn sínú CV tó ń pín káàkiri, àfi bí ìkéde bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bébà ọ̀tọ̀ ni kó kọ wọ́n sí, kó mú un dání lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ojú ewé kan ni gbogbo rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Lórí bébà A4, kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí méjì àbọ̀ sílẹ̀ ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́tà Arial tàbí Calibri, ìwọ̀n 11, ó tó. Àkọlé lè jẹ́ 12 tàbí 13 tó dúdú kirikiri, orúkọ rẹ̀ 16 sí 18. Bí ìlà méjì bá ṣẹ́ kù sí ojú ewé kejì, kó gé ọ̀rọ̀ kúrò, kó má fún lẹ́tà pọ̀ di 9. Bí ojú ewé kò bá sì kún, kò burú. CV ọmọ ọdún 16 tó gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú ewé, tó sì mọ́, sàn ju èyí tí wọ́n fi àsọtúnsọ kún lọ.

Àwọn àwòṣe aláràbarà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wu àwọn ọmọ: ẹ̀gbẹ́ òsì aláwọ̀ búlúù, àmì fóònù kékeré, ìràwọ̀ márùn-ún fún "ìbánisọ̀rọ̀", mẹ́rin nínú wọn tàn. Ta ló fún un ní mẹ́rin? Ìṣòro gidi tún wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gba CV lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rọ náà sì lè da ọ̀rọ̀ tí a pín sí òpó méjì pọ̀ mọ́ra, tàbí kó fo nọ́ńbà fóònù tó wà nínú àpótí tàbí ní àyè àkọlé orí ìwé. Kó dán an wò báyìí: kó tọ́jú CV náà ní PDF, irú fáìlì tí ìrísí rẹ̀ kì í yí padà, kó ṣí i, kó mú gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kó dà á kọ sínú Notepad, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ lásán. Bó bá jáde lẹ́sẹẹsẹ, ó dára. Bí ọdún ilé-ìwé bá lọ wọ àárín iṣẹ́ ọmọ títọ́jú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ṣe lè rí i.

PDF ni kó fi ránṣẹ́, torí pé fáìlì Word lè yí padà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Kó fi orúkọ rẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀ àti CV sọ fáìlì náà lórúkọ, láìfi àmì sórí lẹ́tà kankan, torí àwọn ẹ̀rọ kan máa ń sọ irú àmì bẹ́ẹ̀ di jágbajàgba. Kó má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́.

Ó tún yẹ kó ní ẹ̀dà kan tó gùn, tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, tí kò ní fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ ni yóò ti máa yọ èyí tó bá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mu. Bí ìkéde ilé ìtajà bá mẹ́nu ba títo ọjà sórí pẹpẹ, ìwé tó tò ní ibi ìkàwé ilé-ìwé ló máa gòkè. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, ọmọ méjì tó ń mú láti ilé-ìwé ló máa ṣáájú. Kó lo ọ̀rọ̀ tí ìkéde náà lò níbi tó bá ti jẹ́ òótọ́ nípa òun.

Ó ṣeé ṣe kó fẹ́ kí ChatGPT, ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ̀wé, kọ ọ́ fún òun. Kó lò ó láti ṣàyẹ̀wò àṣìṣe, tàbí kó ní kó máa bi òun ní ìbéèrè nípa ohun tó ti ṣe, láìfi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bó bá ní kó kọ gbogbo rẹ̀, ó lè fi àṣeyọrí tí kò ṣẹlẹ̀ rí kún un, bíi pé ó mú owó ẹgbẹ́ lé sí i ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbéèrè kan ṣoṣo níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló máa tú u fó.

Kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó kà á sókè, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn tí kò tíì rí i kó kà á. Kí ẹni náà tẹ nọ́ńbà tó wà lórí bébà náà sórí fóònù tirẹ̀, kó pè é, bóyá fóònù ọmọ á dún. Ẹyọ nọ́ńbà kan tó ṣì ti tó láti sọ gbogbo làálàá yìí dòfo.

Nígbà tó bá ń lọ, kó dá lọ. Bí ìyá bá tẹ̀ lé e wọlé, ìyá ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ lè dúró níta. Kó lọ nígbà tí èrò ò pọ̀, kó fi bébà náà sínú fódà kó má ká, kó béèrè alábòójútó, kó sì bi wọ́n ní orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ímeèlì, kó kọ orúkọ iṣẹ́ náà àti orúkọ ara rẹ̀ sí àkọlé, kó wá kọ ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún: iṣẹ́ tó ń wá, ibi tó ti gbọ́ nípa rẹ̀, ohun kan tó ti ṣe tó bá iṣẹ́ náà mu, àkókò tó ráyè, ẹ ṣé. Ẹni tó bá ní kó sanwó kí wọ́n tó gbà á, tàbí tó ń béèrè nọ́ńbà àkáǹtì kí wọ́n tó rí ara wọn rárá, oníjìbìtì ni. Kó má dá a lóhùn.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò gbọ́ nǹkan kan, kó padà lọ tàbí kó pe ẹni tó gba ìwé náà. Kó dárúkọ ara rẹ̀, kó sọ ọjọ́ tó mú CV wá, kó béèrè bóyá wọ́n ti yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti rí ènìyàn, kó bi wọ́n bóyá wọ́n á tún gbà nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, kó sì kọ èsì náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á.